Ìpara Inú Ike Róòbù

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó kórìíra igbó ní gbogbo Peckham nílùú òyìnbó, ẹ má wá a jìnnà. Àlájà Àsúmáù ni. Òun ló dìde láàárín àwọn ìyá àsáláátù ní èṣí, tó ní òórùn igbó ń jáde lára Làtíìfù, ọmọ Àìṣát, ó sì ní ìyá tó bá gba irú ẹ̀ láyè nínú ilé, àdúrà rẹ̀ kò ní kọjá àjà. Àìṣát, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tún jẹ́ àbúrò fún un, dorí kodò.

Làkúrègbé kò mọ Àlájà. Ó wọ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó di ẹni tó ń kírun lórí àga. Oògùn tí dókítà kọ fún un ń da inú rẹ̀ rú. Ìgbà náà ni Yusrah ọmọ rẹ̀ ra ìpara kan wá láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Lordship Lane, àwòrán ewé wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

“Mummy, inú igbó ni wọ́n ti yọ ọ́, but kì í pa èèyàn bí ọtí. It's legal. Ẹ ṣáà fi pa orúnkún yín.”

“Aúsùbílláhì. Gbé e jáde nílé mi.”

Kí ọmọ tó dé ibùdókọ̀, ó ti fi fóònù pè é padà. Ó fi ṣíbí kó ìpara náà sínú ike Róòbù tó ti ṣófo, ó gé àwòrán ewé yẹn wẹ́wẹ́, ó sì lọ dà á sínú bíìnì ilé kejì.

Kò pẹ́ tí orúnkún fi rọ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan ní àsáláátù, Àlájà kúrò lórí àga, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Àìṣát tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, torí làkúrègbé tirẹ̀ ti pẹ́ ju ti Àlájà lọ.

“Àlájà, kí lẹ lò?”

“Róòbù ni. Mo ní kí Alfa ka Yáásíìn sí i.” Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àìṣát ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun náà ti gbé Róòbù lọ bá Alfa. Ó forí kanlẹ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn inú sàfù dìde, òun ò lè dìde. Lẹ́yìn ìrun ni obìnrin mẹ́ta tó gbé e sórí àga, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Bóyá ìgbàgbọ́ tèmi ni kò tó,” ló ń wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àlájà láyà. Ìtìjú mú un débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Nídìí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó ń bá a wọ bàtà.

“Ìyá Làtíìfù, kì í ṣe Yáásíìn. Ìpara igbó ni. Mo purọ́ fún ẹ.”

Àìṣát gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

“Mo mọ irú ìpara yẹn, Àlájà. Làtíìfù ra irú ẹ̀ fún mi ní èṣí, òun ló máa ń fi pa mí lórúnkún kó tó lọ sí shift. Òórùn rẹ̀ lẹ gbọ́ lára ọmọ náà. Nígbà tí ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó lọ dà á nù.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orúnkún kò ro Àlájà rárá níbi tó kúnlẹ̀ sí, ìyẹn gan-an ló sì ń tì í lójú jù. Ó di okùn bàtà náà, ó tú u, ó tún un dì, kò lè gbójú sókè.