Nọ́ńbà Kẹrìnlá

Ní yàrá iṣẹ́ wa, batírì là ń pa. A máa ń ṣe wọ́n ká tó pa wọ́n, àmọ́ pípa ni olórí iṣẹ́. Màá to batírì pẹlẹbẹ kan, kékeré bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, màá fi abẹ́rẹ́ ha nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, màá sì gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á rọ iná sí i títí á fi kún, á tún fà á mu títí á fi gbẹ. Ìyípo kan nìyẹn. Ìyípo mélòó ló lè fara dà kó tó kú? Ohun tí wọ́n gbà wá síṣẹ́ láti wádìí nìyẹn.

Ohun tó wà nínú iyọ̀ ìsebẹ̀ ni ọ̀gá wa fẹ́ fi ṣe batírì, la ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Oníyọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ o. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń yan ìyẹ̀fun dúdú nínú ààrò, tó ń kó o fún mi láti fi to batírì. Kò sí èyí tó lò ju igba ìyípo lọ kó tó gbẹ́mìí mì, àfi nọ́ńbà kẹrìnlá. Oṣù mẹ́jọ ló lò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó lé ní ẹgbẹ̀rin ìyípo, kò rẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wa ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Bí wọn ò bá rí nǹkan gidi, wọ́n á ti yàrá wa pa. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, ọ̀gá ní kí n yọ ọ́, kí n nù ún dáadáa.

Mo yọ ọ́, mo yí i padà. Kò sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àmì pupa kan ló wà níbẹ̀, èyí tí mo fi ọ̀dà èékánná kùn. Batírì aago ìyá mi ni. Èmi ni mo fi àmì sí i, kí n má baà ṣì í gbé.

Ojú Màmá ti fọ́. Aago kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn tó máa ń fohùn sọ àkókò tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Batírì ọjà tó ṣeé rọ ló ń lò, èmi ni mo sì máa ń bá wọn rọ ọ́ níbi iṣẹ́. Gbogbo wa la ń jí batírì ilé rọ. Ọ̀gá mọ̀, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nọ́ńbà kẹrìnlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ìyípo mẹ́ta péré nígbà tí mo yọ ọ́ láti wọ̀n ọ́n. Ti Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan padà sẹ́nu ẹ̀rọ, mo ju ìkejì sápò, mo tún ń kọrin.

Màmá kì í jẹ́ kí n bá wọn fi batírì sínú aago. Wọ́n ní ojú àwọn ló fọ́, ọwọ́ àwọn ò fọ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí wọ́n ti ń ni mí lára díẹ̀. Bí mo bá ti wọlé nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bi mí pé aago mélòó ló lù, bí ẹni pé mo pẹ́ níta. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Mo rò ó pé kí n panu mọ́, kí n má purọ́. Ta ló máa mọ̀? Àmọ́ ọ̀gá á dúró níwájú àwọn èèyàn yẹn, á fi ẹnu ara rẹ̀ pa irọ́ tí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti iṣẹ́ mi lọ. Mo lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

Lóòótọ́, ó ti jókòó. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà, ó wo àmì pupa náà.

"Ọ̀dà èékánná yìí dára," ó ní. "Ẹgbẹ̀rin ìyípo, kò ṣí." Lójijì, ojú rẹ̀ tàn. "Tiwa ńkọ́? Ó wà nínú aago màmá ẹ?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"O ti tún un rọ?"

"Màmá ò sọ pé ó kú."

Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Oṣù mẹ́jọ láìrọ ọ́!" Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin ká tó dé ilé. Inú èmi náà ń dùn.

Màmá jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Aago wà lórí tábìlì, ó mọ́ tónítóní.

"Màmá, ọ̀gá mi rèé o."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ọmọ mi ò ṣẹ̀ yín?"

"Kò burú jù, mà. Aago yín la wá kí." Ó tẹ̀ ẹ́. Kò fọhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má dààmú," ni Màmá wí. "Ó ti kú tipẹ́. Ìgbà tí ọmọ yìí gbé e dé kẹ́yìn, ọjọ́ méjì àbọ̀ ló lò. Ó sọ aago mẹ́rin fún mi, kò sọ márùn-ún mọ́."

"Màmá, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Nọ́ńbà kẹrìnlá lò ń jẹ, òun lò ń mu. Ojoojúmọ́ lò ń ka iye tó ti yí fún mi, inú ẹ ń dùn. Mi ò fẹ́ fi tèmi kọ́ ọ lọ́rùn. Bí o bá ti dé, mo ṣáà ń bi ọ́ ní aago tó lù."

Ojú tì mí, mi ò lè gbé orí sókè.

Ọ̀gá yọ bírò, ó kọ "ọjọ́ méjì àbọ̀" sínú ìwé rẹ̀, ó fàlà sí i nídìí. Ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó yọ tiwa, ó fi alámì pupa síbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Aago méjìlá òru," ni aago wí. Oòrùn ń ràn wọlé.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Áà, sà! Batírì yín mà dára o!"

Ọ̀gá dìde dúró. "Kì í ṣe tiwa, mà. Ti ọjà ni. Tiwa lo ọjọ́ méjì àbọ̀." Ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń há ohun tó fẹ́ sọ lọ́la sórí.

Màmá kọjú sí mi. "Aago mélòó ló tiẹ̀ lù?"

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo wo aago ọwọ́ mi. "Márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá."