Agolo Mílíìkì Mọ́kànlá Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Iṣẹ́ títún ìwọ̀n ṣe ni mò ń ṣe ní Láfẹ́nwá. Ìwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ekùrọ́ àti kòkó, ìwọ̀n kékeré tí àwọn ẹlẹ́ran ń lò, gbogbo wọn ni mo máa ń tú palẹ̀, tí mo máa ń nù, tí mo sì máa ń tò padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú àkọ́kọ́ nítorí pé mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, mo sì rí i pé irin kékeré kan tó rí bí ẹnu ọ̀bẹ ni gbogbo ẹrù náà gùn lé. Bí ẹnu irin yẹn bá ti kú, ìwọ̀n á máa purọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni inú mi fi ń dùn nítorí ohun tí mo rí yìí.

Kò kàn sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé ni. Ìyá mi ti kú láti ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo sì ti bá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu. Ilé bàbá wa ní Ìtókò, yàrá mẹ́fà ni, èmi nìkan ni mò ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó ń dá jẹun kì í mọ ìgbà tó yó. Á kàn ṣàkíyèsí pé òun ti dẹ́kun jíjẹ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣiṣẹ́ panápaná. Owó oṣù ni àwọn ẹlòmíràn ń wá níbẹ̀. Èmi, bárékè tí wọ́n jọ ń gbé ni mò ń wá. Mo kọjá níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin bíi mẹ́wàá tí wọ́n yí àwo ẹ̀bà kan ká, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró ń wò wọ́n títí ọ̀kan fi bi mí pé ta ni mò ń wá.

Nígbà tí wọ́n ń gba ènìyàn ní ọdún 1984, ọdún tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, mo lọ. Mo sáré, mo gun àkàsọ̀, mo gbé àpò iyanrìn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gun orí ìwọ̀n. Kílò mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ọgọ́ta ni wọ́n ń fẹ́.

Ọ̀gá tó ń kọ orúkọ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ yìí, bí a bá fún ọ ní rọ́bà omi mú, omi ni yóò gbé ọ lọ pa iná. Lọ jẹun. A óò tún gba ènìyàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Mo ti rí i pé ìwọ̀n wọn ń fi ìdajì kílò kún un. Mo dákẹ́. Èmi ló ń ràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Láfẹ́nwá kí n tó dé. Sàlàhúdíìnì, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, kígbe láti ibi tó jókòó sí: "Jùbrílù! Má dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ o! Ta ni yóò máa wá ọ kiri dé Ìtòrí?"

"Fi afẹ́fẹ́ tìrẹ sínú táyà," ni mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún.

Màmá Tíṣà ni ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí. Ilé rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ó ti ṣe tíṣà pẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀, Theophilus, sì ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ kó tó kú ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Títílọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Jọ́ọ̀sì, ìwé rẹ̀ sì máa ń dé nígbà Kérésìmesì. Mo ti bá màmá náà tún ìwọ̀n tó fi ń wọn ìyẹ̀fun ṣe, láti ìgbà náà ni a ti ń kíra ju kíkí ojú ọ̀nà lọ.

"Kílò mẹ́fà péré?" ló wí. "Mílíìkì ni. Mílíìkì ló ń mú ara le. Fi í lé mi lọ́wọ́."

Ẹ rántí bí mílíìkì ṣe rí lọ́dún náà. Ènìyàn lè tò láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kan orí, kí wọ́n sì ní ó ti tán. Akẹ́kọ̀ọ́ Màmá Tíṣà àtijọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ló máa ń fi agolo kan pamọ́ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agolo náà wá fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo mu ún lọ́jọ́ náà. Kí ìdajì wákàtí tó pé, inú mi ń kùn bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata, ó wú, mo sì sáré lọ sí ṣáláńgá. Ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ láti kékeré lẹ́yìn ògì onímílíìkì, a sì máa ń sọ pé ògì ló kan jù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló ti kọ́ mi pé bí nǹkan bá ń ṣe àṣìṣe, yọ irin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí o wò ó. Mo mu ògì láìsí mílíìkì, inú mi dákẹ́. Mo mu tíì láìsí mílíìkì, ó dákẹ́. Mo mu mílíìkì nìkan, ilẹ̀ kò gbà mí.

Mo lọ sí Òdèdá, mo ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ń fi omi ewé bòmúbòmú mú mílíìkì màlúù dì. Mo jẹ wàrà náà, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí mílíìkì náà ni. Mo wá bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kó bu omi tó ń ro sílẹ̀ lára wàrà fún mi. Ó rò pé orí mi ti yí. Mo mu omi náà, ó sì dùn lẹ́nu díẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi wọ inú igbó. Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́yìn náà, ó ń rẹ̀ mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Nínú omi rẹ̀ ni ohun tó ń dà mí láàmú wà! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo rí i pé epo pupa kì í gba àyè nínú ikùn, ṣùgbọ́n ó ń hàn lórí ìwọ̀n. Mo fi í sí ẹ̀wà, mo fi í sí iṣu. Ẹ̀pà wà nínú àpò mi tọ̀sán tòru. Ẹyin méjì láàárọ̀, wàrà dídín nígbà tí mo bá rí i, gàrí àti ẹ̀pà lọ́sàn-án. Èmi tí n kò lè jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Kó má baà jẹ́ pé ikùn nìkan ni yóò sanra, mo ń gbé ọmọ ìwọ̀n onírin sókè sódò ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó tì í. Mo ń gun orí ìwọ̀n ekùrọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Sàlàhúdíìnì wo apá mi, ó ní, "Háà, igi ìṣáná ń di àgbá."

Ní gbogbo Sátidé, Màmá Tíṣà ń gbé agolo wá. Mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń gbà á, mo sì ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í wo ojú àgbà kó ní ẹ̀bùn rẹ̀ ń mú òun yàgbẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ìyẹn nìkan kọ́. Bó bá ti gbé agolo náà fún mi tán, ó máa ń ní kí n jókòó díẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ òun. Bí mílíìkì bá dáwọ́ dúró, kí ni yóò máa mú un wá sí ẹnu ọ̀nà mi?

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi lọ́jọ́ kan nípa ọkọ rẹ̀. "Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún, Jùbrílù, kò jókòó tì mí rí lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Bí a bá ti mu tíì tán, á dìde, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó ní òun ń lọ gbàdúrà." Ó gbọn ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Èmi mọ̀ pé ojú mi ni kò fẹ́ máa rí."

Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tún fẹ́ gba ènìyàn, ìwọ̀n ekùrọ́ dúró lórí ọgọ́ta. Tiwọn yóò sì fi ìdajì kún un. Mo fọ ṣòkòtò mi, mo lọ̀ ọ́, mo sì ń rò ó bí ènìyàn ṣe ń sùn níbi tí ẹlòmíràn ti ń han-run.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n fẹ́ gba ènìyàn, mo ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí Màmá Tíṣà dé pẹ̀lú abọ́ tó ní ìdérí. Ó ṣí i. Ògì ni, ó funfun ju bí ògì ṣe ń funfun lọ.

"Odindi agolo kan ni mo dà sí i," ló wí. "Mu ún ní gbígbóná. Mo fẹ́ gba abọ́ mi padà, kí n lè rí i pé o mu ún tán."

"Màmá, ẹ ṣeun, mo ti jẹun..."

"O ti jẹ kí ni? Ta ló sè é fún ọ?"

Mo wo abọ́ náà. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó gbé e láti ilé rẹ̀ láìjẹ́ kó dà. Mo mu ún tán. Ó gba abọ́, ó sì fi ọwọ́ kan èjìká mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀.

Ìlà àwọn tó ń dúró gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tọrọ àyè lọ sí ṣáláńgá kó tó kàn mí. Mo gun orí ìwọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó bọ̀, ó sì dúró lórí mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ọ̀gá náà dá mi mọ̀. "O gbìyànjú o," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ní yẹ̀yẹ́ nínú lọ́tẹ̀ yìí. "Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀, tí ìjọba bá gbà." Ó fa ìlà sórí orúkọ mi. Láti inú bárékè, mo ń gbọ́ ariwo abọ́ àti ẹ̀rín.

Màmá Tíṣà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró dè mí.

"Wọ́n gbà ọ́?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé? Ojú wọn fọ́ ni? O ti sanra!"

N kò lè pa irọ́ mìíràn mọ́. Mo wọlé, mo kó agolo mọ́kànlá náà sínú àpò, mo sì tò wọ́n síwájú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mílíìkì kì í bá mi lára mu. Bí mo bá ti mu ún, ìgbẹ́ gbuuru ni."

Ó wo àwọn agolo náà pẹ́. "Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń mu tíì dúdú," ló wí.

Mo dúró kó bú mi. Dípò ìyẹn, ó ní, "Tó bí ìgbà wo lẹ́yìn tí o bá mu ún?"

"Kì í ju ìdajì wákàtí lọ, mà. Inú á kọ́kọ́ máa kùn, á wú, lẹ́yìn náà..."

"O gbọ́dọ̀ dìde."

"Dandan ni, mà."

"O kò sì ní lè sọ fún ẹni tó fún ọ."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Èmi ni mo máa ń po tíì fún ọkọ mi," ló wí. "Ṣíbí mílíìkì mẹ́ta. Ó máa ń dúpẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo mọ̀ pé ẹ̀rí náà kò pé. Ọkùnrin náà ti kú, a kò lè fún un ní tíì tí kò ní mílíìkì kí a wò ó. Ó lè jẹ́ pé àdúrà náà ló ń lọ gbà lóòótọ́. Ó lè jẹ́ ohun tí màmá náà ti rò tẹ́lẹ̀, pé kò fẹ́ máa rí ojú òun. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n ni, ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí láti òdìkejì ọ̀nà. Búrẹ́dì àti ẹyin dídín wà lórí tábìlì, pẹ̀lú ife méjì tíì dúdú. Agolo mílíìkì wà lórí pẹpẹ, ó tò wọ́n bó ṣe yẹ, kò ṣí ọ̀kankan. Àga tó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìnkùlé ló ní kí n jókòó lé.

A jẹun. A mu tíì náà tán. Kò palẹ̀ ife mọ́. Ó ń wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọwọ́ ìwọ̀n nígbà tí kò tíì dúró.

Mo jókòó. Ìdajì wákàtí kọjá, mo ṣì jókòó. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó sì lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kò sí ẹnì kankan.