Fèrè Mọ́tò Ìjàpá Bàbá Mi

Bọ́lá, má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo lálàá lánàá pé mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa mọ́tò àtijọ́. A tò tẹ̀lé ara wa, kùrukùru ọyẹ́ bo ọ̀nà, mo sì ń wa ìjàpá bàbá mi, mọ́tò tó ti wà lábẹ́ tapólì látìgbà tí wọ́n ti kú. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù, olórí wa á tẹ fèrè, a ó sì máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí, fèrè mi ò dún. Gbogbo mọ́tò dúró dè mí. Ni mo bá yọrí síta, mo pariwo, "Píì-pí-ìn!" Ṣé o mọ̀ pé wọ́n gbà á? La bá tún gbéra.

Bí mo ṣe wo ẹ̀gbẹ́, bàbá mi ló jókòó yẹn, wọ́n fa fìlà bo etí. Wọ́n ní, "Wáyà ẹ̀ ló já. Ìwọ ṣáà máa wà á lọ."

Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jí, mo jáde sínú òtútù, mo ká tapólì kúrò, mo wo ìdí sítíárì. Wáyà kan já lóòótọ́.

Jọ̀ọ́, mẹkáníìkì ẹ yẹn, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ lónìí?