Omi Abẹ́ Ẹsẹ̀ Bàbá

3.

…ó sì tún ti tutù. Ilẹ̀ mọ́tò, níwájú, lápá ọ̀tún, níbi tí Bàbá ń gbé ẹsẹ̀ lé. Zakariyah rí omi tó dúró sójú kápẹ́ẹ̀tì, ó ṣíjú wo bàbá rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá talẹ̀ wọlé lọ, Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ó kàn rọra pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé, bí ẹni tó bo òkú.


4.

Ohun tí Zakariyah mọ̀:

Bàbá ti kọjá ọgọ́rin ọdún.
Ọjọ́ tí Bàbá bá wọ mọ́tò, ilẹ̀ á tutù.
Ọjọ́ tí Bàbá ò bá wọ̀ ọ́, ilẹ̀ á gbẹ.

Kí ló tún kù tí èèyàn fẹ́ mọ̀?


5.

WhatsApp. ẸBÍ LÁDÀÁNÌ, ẸDẸ.
(Bàbá fúnra rẹ̀ ni Ládàánì. Fóònù rẹ̀ kò gba WhatsApp.)

ZAKARIYAH: Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti ń tọ̀ sára o. Nínú mọ́tò.

MUBARAKAH, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti Ìwó: Subuhanalláhì! Bàbá wa?

MUBARAKAH: Ṣé ó ń rùn bí ìtọ̀?

ZAKARIYAH: Ṣé kí n wá máa gbóòórùn ìtọ̀ bàbá mi ni?

ROQEEBAH, ìyàwó Zakariyah: Ẹ jẹ́ ká ra pampers àgbàlagbà fún wọn.


6.

Ìtọ̀ a máa ba ìrun jẹ́. Zakariyah ti mọ èyí láti ilé-kéwú. Nítorí náà, bó bá ti gbé Bàbá délé, á bu omi tó mọ́, á dà á sórí kápẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè di mímọ́.

Omi lórí omi. Olóye ọmọ.


7.

ZAKARIYAH: Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká máa kírun nílé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ báyìí.

BÀBÁ: Kí ni mo ṣe?

ZAKARIYAH: Ilẹ̀ mọ́tò ń tutù, Bàbá.

BÀBÁ: Èmi kọ́.

ZAKARIYAH: Ẹ̀yin nìkan lẹ ń jókòó síbẹ̀.

BÀBÁ: Zakariyah. Èmi tí mò ń pe gbogbo àdúgbò yìí sí ìrun? Mo ní èmi kọ́!

(Roqeebah gbé náílọ̀n wọlé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn síta. Bàbá wò ó. Kò jiyàn mọ́.)


7, nítorí 7 kò tán síbẹ̀.

Nígbà tí ìyá Zakariyah kú, Bàbá ló ń nu ìdí ọmọ náà, Bàbá ló ń fọ aṣọ ìtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àbí?

Ilẹ̀ tútù tí Bàbá tẹ̀ nìyí.


8.

Èsì tí Bàbá ń fún Roqeebah bó bá ti gbé omi lọ fún un:

Ọjọ́ Ajé ni, mo gbààwẹ̀.
Ọjọ́bọ̀ ni, mo gbààwẹ̀.
Ọjọ́rú ni, mo gbààwẹ̀.

Ajé àti Ọjọ́bọ̀ la mọ̀; ta ní ń gbààwẹ̀ Ọjọ́rú? Kò sẹ́ni tó bi í. Bílẹ̀ bá ṣú, á fi omi ra ètè lásán, á ní òun ti ṣínu.

MUBARAKAH: Mo gbọ́ pé Bàbá ń gbààwẹ̀ gan-an. Ọlọ́run á gbà á.
ZAKARIYAH: Àmín o.


9.

Bàbá forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìrun, kò sì lè gbé e sókè mọ́.


10.

Ohun tí dókítà sọ:

Omi ara Bàbá ti gbẹ. Kíndìnrín ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Láti àná, kò tọ̀ rárá.

Ohun tí dókítà bèèrè:

"Ṣé kò sómi nílé yín ni?"


11.

Zakariyah padà síbi mọ́tò tí wọ́n fi gbé Bàbá wá.

Ilẹ̀ iwájú, lápá ọ̀tún, tutù rinrin.

Ó dúró. Ẹni tí kò tọ̀ láti àná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wá gbé imú sí i níkẹyìn. Omi lásán ni.


12.

Ní ṣọ́ọ̀bù Ọláníyan tó ń tún AC mọ́tò ṣe, lọ́nà Awo.

ỌLÁNÍYAN: Ẹ wo rọ́bà yìí. Òun ló yẹ kó máa gbé omi AC jáde sábẹ́ mọ́tò. Ẹrọ̀fọ̀ ti dí i, inú mọ́tò lomi wá ń dà sí.

(Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Omi dúdú ya sílẹ̀.)

ZAKARIYAH: Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tí bàbá mi bá wọ̀ ọ́ nìkan ni?

ỌLÁNÍYAN: Ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń tan AC?

ZAKARIYAH: Rárá o, epo ti wọ́n. Torí Bàbá la ṣe ń tàn án. Ooru máa ń…

 

ỌLÁNÍYAN: Ó ti parí o. Iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ kàn sá kápẹ́ẹ̀tì sóòrùn.


13.

ẸBÍ LÁDÀÁNÌ, ẸDẸ.

ZAKARIYAH: Ẹ̀gbọ́n mi
*Zakariyah ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́.*
*Zakariyah ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́.*
MUBARAKAH: Kí lo ń kọ tí ò ń pa rẹ́? Bàbá ńkọ́?


14.

Ojú ti Zakariyah. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọsibítù, àwọn aláìsàn ń wò ó.

ZAKARIYAH: Bàbá, ẹ̀yin kọ́. Mọ́tò ló ń jò. Wọ́n ti tún un ṣe.

BÀBÁ: Dìde, ọmọ mi. Má parọ́ nítorí mi.

ZAKARIYAH: Mo fi Ọlọ́run búra!

BÀBÁ: Má búra. Mo ti mọ̀ pé èmi ni. Ara àgbà kì í sọ fún ẹni mọ́. Mo bá yín jiyàn lọ́jọ́ náà. Ẹ forí jì mí. Bá mi bẹ Roqeebah.

Zakariyah bu omi sí ife, ó gbé e sí i lẹ́nu.

Bàbá pa ètè dé. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, ó ń tẹ ìbùsùn wò díẹ̀díẹ̀, bóyá ó ti tutù