Ohun Tí Wágídì Bá Wá sí Anfúṣì

Láti ìgbà ìsìnkú bàbá rẹ̀, Wágídì kò tẹsẹ̀ bọ Alẹkisáńdíríà mọ́. Ló bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan láti Káírò, ó ní òun wá wòran òkun. Ìyá àgbà mi, Táfídà, tí í ṣe àbúrò bàbá rẹ̀, gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀, ó wá fà mí wọ yàrá.

"Ráwíyà, má jẹ́ kí ojú rẹ kúrò lára rẹ̀ o. Ta ló ń kan ògiri ilé onílé wò kó tó jẹun?"

Òótọ́ ni. Ó ti kan ògiri, ó sì ti bi mí bóyá òjò máa ń wọ yàrá ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro ti ń ra ilé àtijọ́ kiri ní Anfúṣì, àdúgbò wa.

Mo mú un lọ sí odi àtijọ́ tó wà létí òkun. Ó wò ó fìrí, kò gòkè. A dé ilé ìkàwé ńlá tuntun, gbogbo àlejò ń wo òrùlé onídígí, òun jókòó síta.

"Ṣé ọsibítù jìnnà sílé yín? Ta ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́ni, Bọ̀dá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Fóònù rẹ̀ dún, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ: "Mi ò tíì sọ fún un. Ìyá yẹn le."

Bí a ti délé ni mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún Ìyá àgbà. Ìpẹ́ ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi jáde sí i.

"Wágídì, òkun lo wá wò ni, àbí ilé mi? Àwọn ọ̀gá kọ́lékọ́lé wo ló rán ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó tú bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àpá tútù kan là á láyà gbọọrọ.

"Ọkàn mi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, Àǹtí. Òkè téńté pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, mi ò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọmọ mi ló ní kí n wá bẹ̀ yín fún yàrá ìsàlẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò wí láàárọ̀?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n má padà wá mọ́ níjọ́ ìsìnkú?"

Ẹja tó tóbi jù ni Ìyá àgbà bù fún un, ó sì ní kí n tẹ́ ibùsùn sí yàrá ìsàlẹ̀.

Nígbà tí Wágídì sùn lọ lọ́sàn-án, Ìyá àgbà di ìwé ilé mọ́ inú gèlè kan, ó ní kí n gbé e lọ pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá mi.

"Àìsàn rẹ̀ dá mi lójú," ó ní. "Òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì dá mi lójú."