Ohun Tí Ìbéèrè Kò Sọ

Ojú Tíṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, àmọ́ ẹ má wulẹ̀ káàánú rẹ̀ nídìí ìṣirò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló ń ka ìbéèrè sí i létí nídìí tábìlì ilé ìdáná, nítorí ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Ọdún yìí ló kẹ́yìn fún ọmọ náà. Bí kò bá yege, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá iye tí wọ́n ń gbà. Bàbá ò rí àwòrán mọ́, ọmọ ló ń fẹnu ṣàlàyé ẹ̀ fún un, ibẹ̀ gan-an ni bàbá sì ti máa ń mú un.

"Onígun mẹ́ta ni, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ méjì dọ́gba."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dọ́gba?"

"Rárá, àmọ́ ó hàn lójú."

"Ojú tìẹ nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò!"

Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n béèrè nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, tí yóò di mẹ́sàn-án. Ọmọ ní mẹ́ta. Bàbá gbá tábìlì: ta ló sọ pé nọ́ńbà náà ò lè wà lábẹ́ òdo? Ọkùnrin yìí mà le o! Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọmọ ò ṣi ìkankan mọ́, inú bàbá ń dùn ṣìnkìn, kò kàn jẹ́ kó hàn ni.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọmọ wọlé lọ́sàn-án, ó jókòó ti bàbá rẹ̀.

"Ṣé ó le ni?"

"Kò le. Mo mọ gbogbo ẹ̀." "Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lófìfo ni. Bí mo bá lọ, Bàbá, ta ni yóò máa fà yín lọ́wọ́? Ta ni yóò máa dáná fún yín? Ẹ ò lẹ́nì kankan."

Àbúrò Tíṣà obìnrin ti gbà tipẹ́ láti wá máa bá a gbé. Ọjọ́ tí èsì bá jáde ni bàbá fẹ́ sọ ọ́, kí ayọ̀ lè gorí ayọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà.

Ọmọ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ fún mi?"

Bàbá fẹ́ sọ pé ọmọ náà ò béèrè. Kò lè sọ ọ́.

"Mi ò sọ fún ẹ, ọmọ mi," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.