Kúbùsù Ìgbéyàwó Lára Páìpù

Ẹnjiníà Luan Meiqin jí kúbùsù mẹ́jọ lọ́wọ́ ìyá tó bí i lọ́mọ, ó sì fi gbogbo wọn wé páìpù. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́bi, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú pamọ́ níléeṣẹ́ tí Meiqin wà, lẹ́bàá ìlú Yanquan ní Shandong. Nígbà tí iná mànàmáná bá pọ̀ ju ohun tí aráàlú fẹ́ lò lọ, wọ́n á fi iná náà ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ sínú ihò ńlá tí àwọn awa-iyọ̀ fi sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bí gbogbo ayé bá wá ń pariwo iná, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ kó máa yí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn bí kì í bá ṣe ti ooru. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fún táyà kẹ̀kẹ́ láfẹ́fẹ́ rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí a bá ń kì mọ́lẹ̀ máa ń gbóná. Bí a bá sì tú u sílẹ̀, á tutù nini, kò ní lágbára àfi tí a bá dá ooru rẹ̀ padà fún un. Inú omi ni wọ́n ń tọ́jú ooru yẹn sí, páìpù ló ń gbé e lọ, páìpù ló ń gbé e bọ̀. Èyí tó bá sá lọ lójú ọ̀nà, ó lọ nìyẹn.

Meiqin mọ ibi tó ń gbà sá lọ. Fáàfù ńlá mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ṣí páìpù tí wọ́n sì fi ń tì í ló wà níhòòhò, torí pé aṣọ ooru tí wọ́n ti ṣèlérí fún wọn látìgbà ìkórè kò tíì dé, òtútù oṣù Kejìlá sì ń fẹ́ lù wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n bá fi pamọ́, méjìdínláàádọ́rin ló ń padà wá. Àádọ́rin ni ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí. Bí wọn ò bá rí i lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ọwọ́ àwọn ẹlòmíì ni ihò kejì tí ìjọba fẹ́ ṣe máa bọ́ sí, iṣẹ́ tí Meiqin ti fi ọdún mẹ́fà ṣe á sì dòfo.

Bẹ́ẹ̀ kúbùsù wà nílé ìyá rẹ̀. Látìgbà tí Meiqin ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Meiqin ti ń rán kúbùsù ìgbéyàwó kan lọ́dọọdún: òwú tuntun nínú, sílíìkì pupa lójú, pẹ́pẹ́yẹ méjì tó ń wo ara wọn bí olólùfẹ́ láàárín. Kúbùsù pé mẹ́jọ, ọkọ ò yọjú. Meiqin kó wọn, ó sì fi kábéèjì kún àpótí tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kó má baà fúyẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá Gai, olórí iléeṣẹ́, rí i, ẹnu rẹ̀ ò padé.

“Ẹnjiníà Luan, ṣé iléeṣẹ́ iná nìyí ni, àbí yàrá ìyàwó?”

“Ẹ wo pátákó, ọ̀gá.”

Ọ̀gá Gai wo pátákó ara ògiri, èyí tó ń fi ooru páìpù ṣírò iye iná tó máa padà wá. Àádọ́rin ló wà níbẹ̀.

“Pupa dáa,” ló wí. “Pupa ń fa oríire. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án o!”

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, Alàgbà Teng, aṣojú ìjọba ìpínlẹ̀, dé láti Jinan pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, gbogbo wọn dé akoto. Ọ̀gá Gai ń ṣàlàyé ọgbọ́n ìgbàlódé lọ́wọ́ nígbà tí ariwo sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Meiqin ló já wọlé, kábéèjì kan lọ́wọ́ rẹ̀, maigádì ń sáré tẹ̀ lé e.

“Meiqin! Alárenà ń mú ìyá ọkọ bọ̀ lọ́sàn-án yìí láti wá wo kúbùsù, mo ṣí àpótí, kábéèjì ni mo bá! Ṣé kábéèjì ni ìwọ àti ọkọ rẹ máa dà bora?”

Kò tíì dákẹ́ tó fi rí pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ lára fáàfù. Ó ju kábéèjì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a sì rí fùrọ̀ adìyẹ. Fáàfù àkọ́kọ́ hàn síta, ó ń rú èéfín. Àádọ́rin orí pátákó gbọ̀n díẹ̀, ó sì wálẹ̀. Nígbà tí mama yóò fi tú ìkẹta, ó ti di mọ́kàndínláàádọ́rin.

“Kí ló ń ṣe é?” ni Alàgbà Teng bèèrè.

“Kọ̀ǹpútà ni, sà,” ni Ọ̀gá Gai dáhùn, òógùn bò ó nínú òtútù. “Òtútù ló mú un.”

Meiqin mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

“Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, sà. Kúbùsù màámi ni.”

Alàgbà Teng wo mama, ó wo pátákó. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wé ọ̀kan padà ká wò ó.”

“Mi ò wé nǹkan kan! Ẹ̀yin náà bímọ, àbí ẹ ò bí?”

“Mo bí, ìyá.”

“Gbogbo wọn ti relé ọkọ?”

Alàgbà Teng mí kanlẹ̀. “Ó ku ọ̀kan.”

“Ẹ wá mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ nìyẹn!”

Mama nawọ́ sí ìkẹrin, àmọ́ Meiqin di ọwọ́ náà mú.

“Màámi, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ ọkọ tẹ́ ẹ ń wá yẹn. Nọ́ńbà orí pátákó yìí ni mo fẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lé e. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi lónìí, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe.”

Mama fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kúbùsù mẹ́ta ló gbá mọ́ àyà.

“Ohun tí mo rán yìí ló gbé e dé àádọ́rin?”

“Òun ni, màámi.”

“Tí kò bá sí ńkọ́?”

“Méjìdínláàádọ́rin.”

Ẹ̀dùn ọkàn ńlá ni kéèyàn máa ránṣọ lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni má fi bora. Mama ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí, kò sì sọ ọ́ lónìí náà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ó wé fáàfù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ki etí kúbùsù wọlé bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Gbogbo àlejò dúró, wọ́n ń wo pátákó. Nígbà tó yá, àádọ́rin padà.

“Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ihò kejì,” ni Alàgbà Teng wí. “Àmọ́, Ọ̀gá Gai, ẹ lọ ra aṣọ ooru gidi, ẹ dá kúbùsù oníkúbùsù padà.”

Fóònù mama dún. Alárenà ni.

“Ẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé,” ni mama wí. “Ọmọ mi ti lọ́kọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ga dáadáa. Ara rẹ̀ gbóná, kì í sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ìjọba ló sì ń ṣe.”

Ó pa fóònù, ó ń fọwọ́ tọ ara páìpù lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Mo ṣì ní ọ̀kan nílé tí mi ò tíì rán tán. Èwo ni òtútù ṣì ń mú nínú wọn?”

Meiqin nu ojú rẹ̀, ó sì mú un lọ síbi fáàfù kékeré tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.